Táìmtébù kọ́ ló yẹ kó o kọ́kọ́ wá

Àbúrò kan láti Ìgbógbó ló kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí àdìmíṣọ̀n sí Computer Science, 100 level, ní yúnífásítì tó wà lójú ọ̀nà Ṣágámù. Àwọn tá a jọ wọlé ń sọ pé táìmtébù ti jáde, mo wá a lórí pọ́tàlì títí mi ò rí nǹkan kan. Èyí tí wọ́n wá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kò yé mi, lẹ́tà àti nọ́ńbà ló kún inú ẹ̀. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Sábó, ó ku oṣù méje kí n ṣe fíríídọ̀mù, mo dẹ̀ fẹ́ mọ ọjọ́ tí mo lè máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa ṣètò ẹ̀?"

Àbúrò mi, kú oríire o, wàá parí ẹ̀ láyọ̀. Mo mọ ọ̀nà yẹn dáadáa, LASUSTECH tí àwa tá a ti pẹ́ n'Íkòròdú ṣì máa ń ṣèèṣì pè ní Poly, torí Poly ló jẹ́ fún wa títí di 2022 tí ìjọba Èkó sọ ọ́ di yúnífásítì. Èmi ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí o, ibòmíì ni mo wà, ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi ń to táìmtébù fún dípátímẹ́ǹtì wa, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ kan sí ìkejì. Ohun tí mo fẹ́ sọ lè kọ́kọ́ dà bíi pé mi ò dáhùn ìbéèrè ẹ: táìmtébù tó ò ń wá kiri yẹn kọ́ ló yẹ kó o kọ́kọ́ wá.

Ṣé o rí i, táìmtébù ò sọ ju aago wo àti yàrá wo lọ. Kò ní sọ fún ẹ pé kọ́ọ̀sì yìí kàn ẹ́ tàbí kò kàn ẹ́, kò ní sọ iye yúnìtì ẹ̀, kò dẹ̀ ní sọ pé tó o bá fi í sílẹ̀ lónìí, ìgbà wo lo tún máa tó rí i. Ìwé tó ń sọ ìyẹn ni ìwé kọ́ọ̀sì, ìyẹn ìwé tí wọ́n to gbogbo kọ́ọ̀sì dípátímẹ́ǹtì yín sí láti 100 level títí dé 400, sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, tí wọ́n kọ yúnìtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tí wọ́n dẹ̀ sọ èyí tó jẹ́ dandan àtèyí tó o lè fúnra ẹ yàn. Ọmọ 100 level tó ń wá táìmtébù láì ní ìwé yìí lọ́wọ́, aránṣọ tó ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ kó tó wọn oníaṣọ ni, ìwọ lo máa yé jù.

Ibo lo ti máa rí i? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀kan ni ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní student handbook, dípátímẹ́ǹtì tàbí fákọ́tì ló máa ń ní in, lọ bá sẹ́kítírì HOD, ìyẹn olórí dípátímẹ́ǹtì, kó o kí i dáadáa, kó o béèrè. Tí wọ́n bá ní ó ti tán, béèrè bóyá o lè ya fọ́tò ojú ìwé tó ní kọ́ọ̀sì nínú, wọn kì í sábà kọ̀. Èkejì ni pé kó o wá ọmọ 300 level kan tó mọ̀wé kó o ní kó fi tiẹ̀ hàn ẹ́, ṣùgbọ́n ṣọ́ra níbẹ̀ torí ìlànà ti yí padà. December 2022 ni NUC, àjọ tó ń bójú tó yúnífásítì ní Nàìjíríà, gbé ìlànà kọ́ọ̀sì tuntun jáde, CCMAS ni wọ́n ń pè é, 2023 ni yúnífásítì dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún àwọn ọmọ tó ń wọlé, torí náà ẹni tó wọlé kó tó dìgbà yẹn lè máa lo kóòdù àti kọ́ọ̀sì tó yàtọ̀ sí tiyín pátápátá. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ìwé CCMAS yẹn gan-an, PDF ni, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n pín in sí ẹ̀ka 17, "Computing" ni kó o wá. Ìdá 70 nínú 100 ohun tí wọ́n máa kọ́ ẹ ti wà níbẹ̀, bó ṣe wà ní Sókótó náà ló ṣe wà ní Kàlábà, ìdá 30 tó kù ni ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń fi tiẹ̀ kún. Ìyẹn ni pé kí ẹnikẹ́ni tó fún ẹ ní bébà kankan, o ti lè mọ ohun tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ láti orí fóònù ẹ.

Lẹ́tà àti nọ́ńbà tó o ní kò yé ẹ, kò le rárá. Mú COS 101. COS ni ẹ̀ka tó ni kọ́ọ̀sì, ìyẹn ti kọ̀ǹpútà, 1 tó ṣáájú ni 100 level, nọ́ńbà tó kẹ́yìn ló dẹ̀ ń sọ sẹ̀mẹ́sítà ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́: tó bá jẹ́ 1, 3, 5, 7, 9, fọ́ọ̀sì sẹ̀mẹ́sítà ni, tó bá jẹ́ 2, 4, 6, 8, sẹ́kọ́ńdì ni. Torí ẹ̀ lo ṣe máa rí MTH 101, ìyẹn ìṣirò, nísinsìnyí tí MTH 102 á wá lẹ́yìn, GST 111, ìyẹn kọ́ọ̀sì àpapọ̀ tí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣe, nísinsìnyí, GST 112 lẹ́yìn. Tó o bá wá rí ENT 211 lórí táìmtébù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹ, má da ara ẹ láàmú, ti àwọn 200 level nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó wà lórí bébà yẹn ló kàn ẹ́, ìyẹn ló ṣe dà bí ìwé àwọn babaláwo lójú ẹ.

Yúnìtì wá ni ibi tí wọ́n ti máa ń rẹ́ ọmọ tuntun jẹ. Yúnìtì 1 túmọ̀ sí wákàtí 15 lẹ́kíṣọ̀ nínú sẹ̀mẹ́sítà, ìyẹn wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15. Àmọ́ tó bá jẹ́ práktíkà, wákàtí 45 ni yúnìtì 1, wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀. COS 101 yìí, yúnìtì 3 ni wọ́n kọ sí i nínú CCMAS, lẹ́kíṣọ̀ wákàtí 30 àti práktíkà 45. Ṣírò ẹ̀: wákàtí méjì lẹ́kíṣọ̀ lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́ta níwájú kọ̀ǹpútà, márùn-ún nìyẹn lórí kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. PHY 107 dà? Práktíkà físíìsì ni, yúnìtì 1 péré, àwọn ọmọ á ní "ah, kékeré nìyẹn", wọn ò mọ̀ pé ọ̀sán odindi ló máa gbà nínú láàbù. Torí náà má fi iye yúnìtì ka iye wákàtí tó o máa lò, wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, LH ni lẹ́kíṣọ̀, PH ni práktíkà.

Ó tó, jẹ́ ká wá bọ́ sórí táìmtébù fúnra ẹ̀.

O ò rí i lórí pọ́tàlì torí pé pọ́tàlì kì í sábà jẹ́ ilé ẹ̀. Ohun tó wà lórí pọ́tàlì ni ibi tí wà á ti forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀, ìyẹn náà kì í ṣí títí o fi máa san owó ilé-ẹ̀kọ́. Ìwé àkókò kíláàsì, fákọ́tì tàbí dípátímẹ́ǹtì ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù, tí class rep á wá ya fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp. Ti GST sì máa ń dá wà, torí àwọn tó ń bójú tó GST fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló ń ṣe tiwọn, nítorí náà tó ò bá rí GST 111 lórí ti dípátímẹ́ǹtì, kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé ẹ̀ o, bébà míì lo máa lọ wá. Ohun kẹta tún wà táwọn èèyàn máa ń pè ní táìmtébù tí kì í ṣe táìmtébù, ìyẹn kàlẹ́ńdà ọdún tí Sẹ́nétì fọwọ́ sí: ọjọ́ ìwọlé, ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ máa tì, ọjọ́ tí ìdánwò máa bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn náà ṣe pàtàkì, torí ọjọ́ tí wọ́n máa ti pọ́tàlì wà nínú ẹ̀.

Èyí tó wà lórí WhatsApp, kó o tó gbà á gbọ́, wo òkè ẹ̀. Wọ́n máa ń kọ session síbẹ̀, wọ́n á tún kọ "draft" tàbí "final". Mo ti rí ọmọ tó fi ọ̀sẹ̀ méjì lọ jókòó sí yàrá tí kò sẹ́nì kankan, táìmtébù ọdún tó kọjá ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, ẹni tó fi ránṣẹ́ náà ò mọ̀. Àwa tá à ń ṣe é, a kì í gbé e jáde tán lẹ́ẹ̀kan náà, draft àkọ́kọ́ á jáde, àwọn lẹ́kítúrà á pariwo, draft kejì á jáde, nígbà míì ọ̀sẹ̀ kẹta kíláàsì la ó tó ní èyí tó dúró. Fi déètì sí orúkọ fáìlì náà tó o bá ti gbà á sórí fóònù, kó o yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò.

Jẹ́ kí n tiẹ̀ sọ bá a ṣe ń tò ó fún ẹ, torí ìyẹn ló máa jẹ́ kó o mọ èyí tó lè yẹ̀ àtèyí tí ò lè yẹ̀. Gbọ̀ngàn la máa ń kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, kì í ṣe lẹ́kítúrà. Gbọ̀ngàn tó lè gba èrò MTH 101 kì í ju méjì mẹ́ta lọ, torí pé dípátímẹ́ǹtì bíi mẹ́wàá ló jọ ń ṣe é, PHY 101 bẹ́ẹ̀ náà, GST bẹ́ẹ̀ náà. Àwọn yẹn là ń kọ́kọ́ kan mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó wá fi kọ́ọ̀sì dípátímẹ́ǹtì sáàárín àyè tó ṣẹ́kù, àwọn èyí téèyàn ń yàn fúnra ẹ̀ ló ń kẹ́yìn, ibi tó bá rí ni kó wọ̀. Torí náà tí MTH 101 bá bọ́ sí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Tuesday, gbà pé ibẹ̀ ló máa wà. Ṣùgbọ́n COS 101, lẹ́kítúrà lè bá yín sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sún un sí Thursday, ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Fi bíírò kọ àwọn ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ sínú ìwé ẹ, kó o fi pẹ́ńsù kọ ti dípátímẹ́ǹtì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an rèé o, jọ̀ọ́ fara balẹ̀ kà á. Kọ́ọ̀sì kan kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Tó o bá féèlì MTH 101 nísinsìnyí, o ò ní rí i ní sẹ́kọ́ńdì sẹ̀mẹ́sítà, ó di ọdún tó ń bọ̀, o ti wà ní 200 level nígbà yẹn. Àwa tá à ń to táìmtébù dẹ̀ nìyí, ohun tá à ń yẹ̀ wò ni pé kí kọ́ọ̀sì 100 level má kọlu 100 level, kí ti 200 má kọlu 200. Ẹnì kankan ò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá 100 kọlu 200, a ò tiẹ̀ lè ṣe é, yàrá ò tó. Nítorí náà carryover ẹ, ìyẹn kọ́ọ̀sì tó o féèlì tó o tún ń ṣe, lè jókòó sí aago kan náà pẹ̀lú kọ́ọ̀sì dandan ẹ tuntun, wàá wá máa pín ara ẹ sí méjì, èyí tó ò lọ nínú méjèèjì á tún fẹ́ bọ́. Tún fi kún un pé yúnìtì ní òdiwọ̀n, kì í sábà ju 24 lọ ní sẹ̀mẹ́sítà kan, kì í dẹ̀ lọ sísàlẹ̀ 15, torí náà carryover mẹ́ta mẹ́rin lè jẹ́ kó o fi kọ́ọ̀sì tuntun sílẹ̀, kí èyí tó o fi sílẹ̀ tún sún síwájú. Bí ọdún mẹ́rin ṣe ń di márùn-ún nìyẹn, kì í ṣe pé ọmọ náà ya òpè.

Jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó. Kọ́ọ̀sì CCMAS tó wà fún yín ní fọ́ọ̀sì sẹ̀mẹ́sítà, yàtọ̀ sí tí ilé-ẹ̀kọ́ máa fi kún un: COS 101 yúnìtì 3, STA 111 (sìtátísíìkì) yúnìtì 3, MTH 101, PHY 101 àti GST 111 yúnìtì méjì-méjì, PHY 107 yúnìtì 1. Àpapọ̀ 13. A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, o máa fi yúnìtì sọ ọ́ di púpọ̀. Ká ní o gba B ní COS àti STA, C ní MTH àti PHY 101, A ní GST àti PHY 107: 12 pẹ̀lú 12, pẹ̀lú 6, pẹ̀lú 6, pẹ̀lú 10, pẹ̀lú 5, ó di 51. Pín in sí 13, 3.92. Second class upper nìyẹn, torí 3.50 ló ti bẹ̀rẹ̀. Wá ká ní MTH 101 nìkan lo féèlì, gbogbo ìyókù dúró bó ṣe wà. 45 ni, pín in sí 13, 3.46. O ti já sí lower. Kọ́ọ̀sì yúnìtì 2 kan ṣoṣo, o ò dẹ̀ tíì lo oṣù márùn-ún ní ilé-ẹ̀kọ́!

Èmi fúnra mi ò sá àsálà nínú ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní yúnífásítì (mi ò ní dárúkọ ibẹ̀), kọ́ọ̀sì GST kan wà ní 100 level tí mi ò forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ rárá, bọ́ọ̀dù tiwọn wà ní ìkángun kejì ọgbà, mi ò débẹ̀, èmi rò pé mo ti ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹnì kankan ò bi mí ní 200, wọn ò bi mí ní 300. Ọjọ́ tí exam officer ń yẹ èsì àwa tó fẹ́ jáde wò, ó fi bíírò pupa yí àyè òfìfo kan po, ó yí bébà sí mi, ó ní, "Èyí ńkọ́?" Yúnìtì 2. Mo lo ọdún kan sí i nítorí ẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wọ khaki NYSC lọ, èmi ń bá ọmọ tuntun jókòó ní kíláàsì, àwọn ọmọ náà ń pè mí ní "sà", wọ́n rò pé lẹ́kítúrà ni mí.

Nítorí náà ra ìwé ẹ̀sàsáìsì kan, fi rúlà fa ìlà márùn-ún sí ojú ìwé: kóòdù, yúnìtì, dandan àbí yíyàn, session tó o forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, èsì. Da gbogbo kọ́ọ̀sì 100 dé 400 kọ sínú ẹ̀ lónìí, àní èyí tó o máa ṣe ní ọdún mẹ́ta sígbà tá a wà yìí. Tí wọ́n bá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege ní òmíràn kó o tó lè ṣe é, fa ìlà láti èyí dé èkejì. Wàá rí i fúnra ẹ pé àwọn kan ní ìlà tó pọ̀ lára, ìṣirò àti COS pàápàá. Àwọn yẹn ni kó o fi gbogbo agbára ẹ dojú kọ lọ́dún yìí.

Ó wá ku ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ẹ. Má lọ ṣèlérí ọjọ́ kankan fún un títí ọ̀sẹ̀ kẹta, nítorí ohun tí mo sọ nípa draft yẹn. Sọ fún un bẹ́ẹ̀, pé "mọ̀míì, ẹ fún mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n fi tò ó tán", inú wọn máa dùn sí ìyẹn ju kó o ṣèlérí Wednesday kó o má yọjú. Lẹ́yìn náà, fa ọjọ́ márùn-ún sórí bébà, kọ kíláàsì sí i, kó o wá fi àkókò ọkọ̀ kún iwájú àti ẹ̀yìn kíláàsì kọ̀ọ̀kan, èyí ni àwọn èèyàn kì í ṣe. Láti Ìgbógbó o máa wọkọ̀ dé Gáréèjì, o tún máa wọ òmíràn lọ Odógunyàn, òjò ń bọ̀, trailer lè dúró sójú ọ̀nà Ṣágámù, kíláàsì aago mẹ́jọ tí ò sí nǹkan míì lẹ́yìn ẹ̀ títí di aago mẹ́rin, ọjọ́ kan gbáko ló jẹ ẹ́. Tírú ẹ̀ bá wà, má ronú pé o máa sáré wá sí Sábó láàárín kó o tún padà. Jókòó síbẹ̀ kó o ka ìwé ẹ, tàbí kó o gbé aṣọ tó nílò ìfọwọ́rán dání, bọ́tìnnì àti ẹ́míìn kò nílò maṣíìnì.

(Àwọn ọmọ LASUED, yúnífásítì ẹ̀kọ́ tíṣà ti ìjọba Èkó, tí ọgbà wọn kan wà ní Ìjànikin lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, tí ìkejì wà l'Ẹ́pẹ́, àwọn yẹn gbọ́dọ̀ ka ibi tí wọ́n kọ venue sí dáadáa kí wọ́n tó jáde nílé.)

Tí mo bá wo irú táìmtébù 100 level sáyẹ́ǹsì tí mo ti tò rí, ọ̀sán ọjọ́ kan tàbí méjì máa ń ṣí sílẹ̀, Saturday náà máa ń ṣí sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ àyàfi tí lẹ́kítúrà bá pe kíláàsì àfikún. Lójú tèmi, bá ọ̀gá ẹ ṣe é sí Saturday àti ọ̀sán kan láàárín ọ̀sẹ̀, kó o wá fi gbogbo ìsinmi láàárín sẹ̀mẹ́sítà dí i fún wọn. Gbìyànjú kó o ṣe fíríídọ̀mù náà lọ́dún yìí dandan, má jẹ́ kó wọ 200 level, torí ìsinmi gígùn ìparí 200 àti 300 level, SIWES, ìyẹn iṣẹ́ ìdánrawò ní ilé-iṣẹ́, ló ni ín fún ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà. Kíláàsì pípa jẹ fún ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? 75 nínú 100 ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó jẹ́ kó o ṣe ìdánwò. Nínú ọ̀sẹ̀ 15, mẹ́ta péré lo lè pa jẹ, ìkẹrin ti kọjá òdiwọ̀n. Tọ́jú mẹ́ta yẹn fún ọjọ́ tí ibà bá mú ẹ, má fi ran aṣọ ẹbí.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù nípa ìforúkọsílẹ̀. Tó o bá fẹ́ ṣe é ní káfé, jókòó ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, email tìẹ ni kí wọ́n lò, kì í ṣe tiwọn, kó o dẹ̀ yí password padà kó o tó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Gbé ìwé ẹ̀sàsáìsì yẹn dání, ka kóòdù kọ̀ọ̀kan sí i létí, kí yúnìtì tó jáde lórí ẹ̀rọ bá tìẹ mu. Tí ó bá ti tẹ course form jáde, gbé e lọ bá course adviser kó fọwọ́ sí i, má dúró dìgbà tí pọ́tàlì bá kù ọ̀la kó tì torí ìlà tó máa wà níwájú ọ́fíìsì ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀run! Ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà nílé lọ́wọ́ màmá ẹ. Tí táìmtébù final bá jáde, ya fọ́tò ẹ̀ kó o fi ránṣẹ́ sí mi, màá bá ẹ wo ọ̀sán tó ṣí sílẹ̀.